Bẹ́ ẹ ṣe lè gba gíráǹtì humanities fún ẹgbẹ́ yín ní Amẹ́ríkà, àti ìdí tí Ọjọ́ Yorùbá nìkan kò fi tó

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin ìyá tí wọ́n máa ń gbé ètò ọdọọdún lé lórí níbí ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Owó kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ wa kì í béèrè. Kò sẹ́ni tó fi pa mọ́ fún wa o, ó kàn jẹ́ pé a ò mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni, tá a bá tiẹ̀ gbọ́ orúkọ yẹn a máa rò pé àwọn purofẹ́sọ̀ ló wà fún. Gíráǹtì humanities ni wọ́n ń pè é, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí wọn kì í gbà padà, fún ètò tó ń mú káwọn ará ìlú jíròrò èdè, ìtàn àti èrò ọmọ èèyàn. Kì í ṣe owó ńlá, àwọn kan lè má ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là lọ, àwọn mìíràn á wọ ẹgbẹ̀rún díẹ̀, àmọ́ fún ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ogún dọ́là ogún dọ́là là ń dá ká tó rí owó hall san, ẹ mọ̀ pé nǹkan gidi nìyẹn.

Mo ti bá ẹgbẹ́ wa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n já a jù sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fún wa lẹ́ẹ̀mejì tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo kọ́ láàárín ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkejì ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ká ní ẹnì kan sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn ni, ǹ bá má ti fi ọdún kan gbáko ṣòfò.

Ibi tí owó náà ti ń wá

Ní 29 September 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó dá National Endowment for the Humanities sílẹ̀, NEH ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òfin kan náà yẹn ló dá èyí tó wà fún arts, ìyẹn iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀, NEA ni wọ́n ń pè é. Bí ìbejì làwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí ibẹ̀ gan-an làwọn ẹgbẹ́ wa ti máa ń ṣubú. Láti 1971 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá council humanities, ìyẹn àjọ tó ń pín owó yìí, sílẹ̀ láwọn ìpínlẹ̀, wọ́n ti di 56 báyìí, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, Washington DC ní tiẹ̀, Puerto Rico, Guam àti àwọn erékùṣù yòókù náà ní tiwọn. Kì í ṣe káńsù bíi ti ilé o, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nonprofit, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, bíi tiwa, NEH á fún wọn lówó, wọ́n á tún wá owó lọ́dọ̀ àwọn foundation, ìyẹn àjọ tó ń fúnni lówó, wọ́n á wá pín nínú ẹ̀ fún láíbìrì, mùsíọ́mù àti ẹgbẹ́ kéékèèké tó bá ní ètò tó dáa. Ẹni tó bá wà ní Houston tàbí Dallas, Humanities Texas ló máa kàn sí. Chicago, Illinois Humanities. Baltimore àti gbogbo àwọn èèyàn wa tó kún Prince George's County, Maryland Humanities. Atlanta, Georgia Humanities.

Mi ò ní tàn yín, nǹkan ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní April 2025, NEH kọ̀wé sáwọn council káàkiri pé àwọn ti fòpin sí owó tí wọ́n ń retí, làwọn council kan bá dá òṣìṣẹ́ dúró, tí wọ́n sì dá gíráǹtì dúró. Oṣù yẹn náà ni Mellon Foundation kó mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là sílẹ̀ láti fi gbé wọn ró, ọ̀rọ̀ náà sì dé kóòtù. Torí náà kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ lọ wo wẹ́bùsáìtì council ìpínlẹ̀ yín kẹ́ ẹ rí i bóyá wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí wọn ò bá gbà á, ẹ ṣì máa kọ ọ́ o, torí ìwé tẹ́ ẹ bá kọ fún wọn lẹ tún máa gbé lọ sọ́dọ̀ community foundation àdúgbò yín, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe já tiwa jù sílẹ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tá a kọ ọ́, Ọjọ́ Yorùbá la pè é. Ohun tá a béèrè owó fún ni hall, DJ, onílù méjì tó máa wọkọ̀ òfuurufú wá, aṣọ fáwọn ọmọ tó máa jó, àti ìrẹsì pẹ̀lú ẹran fún igba èèyàn. A kọ ọ́ dáadáa o. A ní a fẹ́ gbé àṣà wa lárugẹ, a ní a ò fẹ́ kí àṣà wa parun lójú wa, gbogbo ọ̀rọ̀ tá a máa ń sọ lórí maikirofóònù la kó síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n ní rárá. Ó dùn mí dé egungun.

Mo pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù náà, òun ni program officer, ẹni tó ń bójú tó gíráǹtì níbẹ̀, kò gbà mí ní gbígbóná rárá, ó ní òun ka ìwé wa látòkè délẹ̀. Ó wá bi mí pé, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa Yorùbá bá wá síbi ètò yín, tó jẹun, tó wo ijó, tó pàtẹ́wọ́, tó wọ mọ́tò rẹ̀ tó ń lọ sílé, kí ló máa máa rò lọ́kàn lójú ọ̀nà? Mo ní á mọ̀ pé àṣà wa rẹwà. Ó ní ìyẹn dáa, ó ní àmọ́ ìyẹn kọ́ lowó yìí wà fún.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tó ń sọ nìyí. Ijó, ìlù, eré, aṣọ, orin, arts nìyẹn, council arts ti ìpínlẹ̀ yín ló ń fún èèyàn lówó fún un, ẹ lè lọ bá wọn lọ́tọ̀. Humanities ni kéèyàn jókòó ti ohun náà kó ro ó, kó bi í ní ìbéèrè, kó tú u palẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Òfin 1965 yẹn ka ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀: èdè, ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀, ìtàn, ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ìmọ̀ nípa ohun àtijọ́ tí wọ́n ń wú nílẹ̀, ìfiwéra ẹ̀sìn, ìwà tó yẹ ọmọlúàbí, àti ìtàn pẹ̀lú lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹ tún un kà. Ṣé kì í ṣe nǹkan táwọn bàbá wa ń ṣe lábẹ́ igi nìyẹn?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàpẹẹrẹ. Tí onílù bá lu dùndún fún wákàtí kan tẹ́ ẹ jó tẹ́ ẹ náwó, arts ni. Tí onílù yẹn bá lu gbólóhùn kan, tó dúró, tó wá ní káwọn ará ibẹ̀ sọ ohun tí ìlù sọ, tí ẹnì kan sọ tibí, tí ẹlòmíì sọ tọ̀hún, tí onímọ̀ èdè wá dìde tó ṣàlàyé pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ìlù gbé, kò gbé kọ́ńsónáǹtì, ìdí nìyẹn tí ohùn kan náà fi lè ba gbólóhùn méjì mẹ́ta mu, tí ọ̀dọ́mọdé kan wá béèrè pé báwo wá ni ọba ṣe ń mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì àbí wọ́n ń bú òun, humanities ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onílù kan náà ni, ìlù kan náà ni, owó tẹ́ ẹ máa san fún un lè má yàtọ̀. Ìbéèrè tó wà láàárín yẹn ló yí gbogbo ẹ̀ padà.

Ẹ wá ìbéèrè kẹ́ ẹ tó wá hall

Lẹ́ẹ̀kejì a ò bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tá a fẹ́ ṣe mọ́, ohun tá a fẹ́ bi ara wa la fi bẹ̀rẹ̀. A jókòó sílé ẹnì kan, àwa mẹ́fà, a ń sọ orúkọ àwọn ọmọ wa, bí tíṣà ṣe ń gé e kúrú, bí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣe ń gé e kúrú kí tíṣà tó gé e. Ibẹ̀ la ti rí i. Ìbéèrè wa di: kí ni orúkọ ń ṣe fún ẹni tó ń jẹ́ ẹ, kí ló sì máa ń sọ nù tí wọ́n bá gé e kúrú? Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ní láíbìrì gbogboògbò, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Sátidé kìíní, orúkọ àmútọ̀runwá: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá, Ìgè, Àjàyí, Dàda, Òjó, Àìná, àti ìdí tí ẹni tó kọ́kọ́ jáde fi jẹ́ àbúrò nínú ìbejì wa. Sátidé kejì, orúkọ àbíkú. Sátidé kẹta, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tó fúnra wọn mú orúkọ Yorùbá, a sì fi Oyotunji, abúlé Yorùbá tí irú wọn dá sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970 ṣe ìpìlẹ̀ ìjíròrò.

Ìbéèrè tó dáa láwọn àmì kan. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá gbọ́dọ̀ lè rí ara ẹ̀ níbẹ̀, torí ètò gbogbo ará ìlú ni wọ́n ń san owó fún, kì í ṣe ètò tí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan máa wá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn méjì tó lọ́gbọ́n lórí lè jọ jiyàn lé. Ó sì dáa kó so mọ́ ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹni tó wà ní Alabama, ẹ wo Africatown lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mobile, ọkọ̀ ẹrú Clotilda ló kó àwọn baba ńlá àwọn ará ibẹ̀ dé ní 1860, ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òkú ọkọ̀ náà nìyẹn lábẹ́ omi, ọ̀kan nínú wọn ni Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, àwọn òpìtàn sì ti ṣàlàyé pé Yorùbá ni. Èdè wo ló kù lẹ́nu àwọn tó dá ìlú yẹn sílẹ̀? Ètò kan wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní Florida, ẹjọ́ kan wà tí ìjọ Lukumí, ìyẹn ìjọ àwọn olórìṣà, pe ìlú Hialeah torí òfin tí wọ́n ṣe lórí ẹran rírú, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìjọ náà ló sì jàre ní 1993, kò sí adájọ́ kankan tó ta ko ìdájọ́ náà. Ìmọ̀ òfin ni, ìfiwéra ẹ̀sìn ni, ìtàn Yorùbá tó gba Cuba dé Miami ni, ẹyọ ẹjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá pe lọ́yà kan, òpìtàn kan àti àgbà olórìṣà kan síwájú àwọn ará ìlú, ẹ ti ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta nìyẹn.

Mo ní láti sọ èyí torí ó kan ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ilé òrìṣà ni ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Owó yìí ò gbọdọ̀ polongo ẹ̀sìn kankan, kò sì gbọdọ̀ polongo òṣèlú. Kéèyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sìn, kò burú, kéèyàn fi ṣe ìsìn ni wọn ò gbà. Tẹ́ ẹ bá kọ àdúrà ogún ìṣẹ́jú sínú ètò, ẹ ti fọwọ́ ara yín yọ ara yín.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Apá yìí ò dùn ún kà àmọ́ ẹ má fò ó. Ẹgbẹ́ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ nonprofit lójú òfin, ọ̀pọ̀ council máa béèrè 501(c)(3), ìyẹn ìwé tí IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, fi ń gbà pé ẹgbẹ́ kì í san owó orí. Tẹ́ ẹ ò bá tíì ní in, tí owó tó ń wọlé fún yín lọ́dún ò bá ju 50,000 dọ́là, tí dúkìá yín ò sì ju 250,000, ẹ lè lo fọ́ọ̀mù kúkúrú tí wọ́n ń pè ní 1023-EZ, 275 dọ́là ni wọ́n ń gbà. Èyí tó gùn jẹ́ 600 dọ́là.

Àwọn tó ti ní in, ẹ gbọ́ mi. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ fi 990-N ránṣẹ́ sí IRS, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léra wọn, IRS á yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí kì í san owó orí, kò ní bi wọ́n léèrè. Mo mọ ẹgbẹ́ méjì tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, akọ̀wé àná ló gbé password lọ, akọ̀wé tuntun ò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n fẹ́ gba owó kí wọ́n tó rí i pé orúkọ wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì IRS lónìí, ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ yín.

Tí ìwé yín ò bá pé, ẹ má jókòó. Ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn tó ti ní ìwé, kí wọ́n gba owó náà fún yín, fiscal sponsor ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan á gba ìdá díẹ̀ nínú owó náà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, ká má fi ojú ará ilé ni wá ṣe é.

Ó tún ku nọ́ńbà kan, UEI, òun ni ìjọba àpapọ̀ fi ń dá ẹgbẹ́ mọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlá ni, òun ló rọ́pò nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní DUNS láti April 2022. Torí pé owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú ẹ̀, council lè béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Orí SAM.gov, wẹ́bùsáìtì ìjọba, lẹ ti máa gbà á, ọ̀fẹ́ ni, mo tún un sọ, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ báyìí ímeèlì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé pé kẹ́ ẹ san ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là kí wọ́n tó parí ẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ìjọba ló ń kọ ọ́. Ẹ má san kọ́bọ̀. Tó bá jẹ́ abẹ́ council lẹ ti fẹ́ gba owó, UEI nìkan sábà máa ń tó, ẹ ò nílò láti parí ìforúkọsílẹ̀ gígùn yẹn, àmọ́ ẹ bi wọ́n ná.

Onímọ̀ àti àgbà, méjèèjì la nílò

Ọ̀pọ̀ council fẹ́ rí ẹni tí wọ́n ń pè ní humanities scholar nínú ètò. A sì ní wọn níbí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé a ò ní. Toyin Falola, òpìtàn, wà ní University of Texas ní Austin, Jacob Olupona, onímọ̀ ẹ̀sìn, wà ní Harvard. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ há mọ́ àwọn tó lókìkí yẹn o. Wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní University of Wisconsin ní Madison, ní University of Florida, ní University of Georgia, ní Howard. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD wà níbẹ̀ tí inú wọn á dùn dọ́ba láti wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ fún ọọ́dúnrún dọ́là. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ ìbéèrè náà, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ẹ má kọ̀wé sí wọn pé wọn ò ní gba nǹkan kan, iṣẹ́ ni.

Àmọ́ ohun tó gbé tiwa wọlé, mo gbà gbọ́ pé bá a ṣe kọ ọ̀rọ̀ àgbà ni. A ò kọ pé ìyá kan máa wá sọ ìtàn. A kọ pé ìyá yìí, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ìyá ìyá ẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí nílé, ló ní ìmọ̀ tí ìwé ò ní, onímọ̀ láti yunifásítì á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè. Àwọn council kan máa gbà kí irú àgbà bẹ́ẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ fúnra ẹ̀, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi ẹlòmíì kún un. Ẹ béèrè. Kẹ́ ẹ sì san owó kan náà fún àwọn méjèèjì. Ó ká mi lára tí wọ́n bá fún purofẹ́sọ̀ ní sọ̀wédowó tí wọ́n wá fún ìyá àgbà ní ìdì òdòdó.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó kọ ọ́

Àwa máa ń rò pé tá a bá pè wọ́n á dà bíi pé à ń bẹ̀bẹ̀ tàbí à ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Iṣẹ́ program officer ni láti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kó sọ bóyá ó bá owó yẹn mu. Ẹ pè é ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ẹ sọ ìbéèrè yín fún un ní gbólóhùn mẹ́ta, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kóun bá yín wò ó, ẹ fi ránṣẹ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ di dandan. Kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó bá sọ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó lò yẹn làwọn tó máa ka ìwé yín náà ń lò.

Nínú ìwé náà fúnra ẹ̀, ẹ yé kọ “a fẹ́ gbé àṣà lárugẹ”. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ogún ìwé lọ́jọ́ kan. Ẹ wo bí tiwa ṣe yí padà. Ti àkọ́kọ́: “Ètò yìí yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àṣà Yorùbá.” Ti ìkejì: “Ní Sátidé kejì, àwọn ará ìlú yóò ka orúkọ mẹ́fà tí Yorùbá ń sọ ọmọ tó ń kú tó ń padà wá, bíi Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́, wọn yóò sì jíròrò bí òbí ṣe ń bá ikú sọ̀rọ̀ nínú orúkọ ọmọ.” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ka ti ìkejì yìí sétí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Mexico, ó ní ọjọ́ wo ni, òun ń bọ̀.

Owó, àti wákàtí yín tó tó owó

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn ẹgbẹ́ ni ohun tí wọ́n ń pè ní match. Tẹ́ ẹ bá béèrè dọ́là kan, council lè ní kí ẹ̀yin náà mú ohun tó tó dọ́là kan wá. Ẹ má sá. Kò di dandan kó jẹ́ owó tútù. Wákàtí tẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, hall tí wọ́n yọ̀ǹda fún yín wà níbẹ̀.

Tiwa nìyí. A béèrè 1,500 dọ́là: 600 fún onímọ̀ àti àgbà, 350 fún ẹni tó máa ya fídíò, 150 fún ìwé ìkéde, 200 fún ògbufọ̀, 200 fún hard drive àti àwọn nǹkan ìgbohùnsílẹ̀. Láíbìrì fún wa ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ 75 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún wákàtí kan lọ́wọ́ ẹlòmíì, wákàtí mẹ́sàn-án, 675 dọ́là nìyẹn, a ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Àwa mẹ́rin sì ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lápapọ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Independent Sector máa ń gbé iye tí wákàtí volunteer kan tó jáde lọ́dọọdún, ti 2023 jẹ́ 33.49 dọ́là, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ogójì, ó di 1,339.60. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ 675 yẹn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ lè fi hàn. Torí náà lọ́jọ́ kìíní gan-an ni kẹ́ ẹ ti la ìwé kan, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ, ohun tẹ́ni náà ṣe, wákàtí mélòó, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí ètò parí, ìrántí lẹ máa kọ, wọ́n sì mọ ìrántí tí wọ́n bá rí i. Àti pé owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn ò lè jẹ́ match fún owó ìjọba àpapọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ẹ ń dúró dè é. Ọtí ò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ council ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi owó wọn ra oúnjẹ. Ẹgbẹ́ ló máa gbọ́ oúnjẹ. Àwa se ọ̀jọ̀jọ̀ àti mọ́ínmọ́ín, a ò gbé ìrẹsì rárá, torí tí ìrẹsì bá ti dé ìjókòó ò ní sí mọ́, gbogbo èèyàn á dìde wá fi àwo gbà á, ìjíròrò á sì kú síbẹ̀.

Ọjọ́ tí ètò bá dé

Ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó máa ka orí lọ, kó má bá wọn kí ẹnikẹ́ni, kó ṣáà máa ka orí. Kí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wà fún ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fídíò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ka á fún àgbà ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i, torí ohùn ẹ̀ ni, òun ló ni ín. Orúkọ àti lógò council gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ìwé ìkéde, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ fún yín. Kí ètò bẹ̀rẹ̀ lásìkò tẹ́ ẹ kọ. Èèyàn mọ́kànlá ló wà níkàlẹ̀ nígbà tí tiwa bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, ẹnì kan ń bẹ̀ mí pé ká dúró de àwọn tó ń bọ̀, mo ní rárá, àwọn mọ́kànlá yìí ló bọ̀wọ̀ fún wa. Kó tó di aago méjìlá, èèyàn mẹ́tàlélógójì.

Sátidé kejì yẹn, ìyá dé ibi orúkọ Kòsọ́kọ́. Ògbufọ̀ fẹ́ sáré túmọ̀ ẹ̀, ìyá fọwọ́ dá a dúró. Ó wo iwájú bíi pé ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ní, “Kò sí ọkọ́ mọ́. Ọkọ́ tá a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ti tán nílé yìí. Jókòó.” Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó ní kí ògbufọ̀ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó túmọ̀ ẹ̀ tán, obìnrin Amẹ́ríkà kan tó jókòó sẹ́yìn nawọ́, ó ní òun ti bímọ méjì tí kò dúró, ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun rí pé èèyàn lè dá ikú lóhùn. Onímọ̀ tá a pè kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n mú obìnrin náà wá sọ́dọ̀ òun níwájú. Gbogbo ohun tí program officer yẹn bi mí lórí fóònù lọ́dún tó ṣáájú, mo rí ìdáhùn ẹ̀ nínú yàrá láíbìrì yẹn.

Lẹ́yìn ètò

Ẹ pín ìwé ìbéèrè kékeré kí wọ́n tó dìde, ìbéèrè mẹ́ta tó, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ “Kí lo ń rò báyìí tó ò rò tẹ́lẹ̀?” Ẹ má béèrè pé ṣé ẹ gbádùn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á kọ, kò sì wúlò fún ìròyìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan kọ sí tiwa pé òun máa ní kí tíṣà pe orúkọ òun tán láti ọjọ́ Mọ́ńdè. A kọ ọ́ sínú ìròyìn bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, a ò tún sípẹ́lì ẹ̀ ṣe, a ò sì kọ orúkọ ẹ̀.

Ìròyìn ìkẹyìn ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé, inú àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló wà, ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà kí owó tó wọ akáǹtì. Àwọn council kan máa ń di díẹ̀ mú nínú owó náà títí ìròyìn á fi dé. Iye èèyàn tó wá, ohun tẹ́ ẹ ná, risíìtì, ìwé wákàtí volunteer, fọ́tò, àti ohun tí kò lọ bẹ́ ẹ ṣe rò ó. Ẹ kọ èyí tí kò lọ dáadáa náà síbẹ̀. Fídíò Sátidé kìíní wa ò ní ohùn fún bí ogún ìṣẹ́jú, a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì sọ ohun tá a ṣe kó má baà tún ṣẹlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún un. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi ìròyìn ìkẹyìn ránṣẹ́, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà fún ọdún mẹ́ta, ohun tí òfin owó ìjọba àpapọ̀ sọ nìyẹn, ẹ fi sínú Google Drive tí ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti akọ̀wé, kẹ́ ẹ kọ password sílẹ̀ níbi tí alága, akọ̀wé àti akápò ti lè rí i.

Ẹ̀dà fídíò náà, a fún ìyá ní tiẹ̀ lórí flash, a fún láíbìrì ní tiwọn, wọ́n sì fi sí apá tí wọ́n ń kó ìtàn ìlú sí. Lẹ́yìn náà mo pe program officer padà, mo bi í ìgbà tí fọ́ọ̀mù tó kàn máa jáde.